Ọ̀já Dúdú, Aṣọ Pupa

Ọkùnrin náà na etí ọ̀já dúdú kan sí mi, ó ní kí n dì í mú ṣinṣin. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi. Mo tì í sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀já náà mú. Ó fi etí kejì lé ìbàdí, ó wá ń yí bírí bírí bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ọ̀já ń wé mọ́ ọn, ó sì ń le sí i. Nígbà tó fi dé iwájú mi, ìbàdí rẹ̀ ti gan bí pákó. Bí màmá mi ṣe máa ń fa ọ̀já le kó tó so ó, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi lè yẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. N kò ya fótò yẹn. Ọwọ́ mi kò ṣófo.

Ẹ̀yin tó ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú ni mo fi ń jẹun, láti Kábà dé Ìyàrà, Mọ̀pà, títí dé Ìsánlú, nílẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀rẹ́ mi ló gbé mi dé Barcelona, ní orílẹ̀-èdè Spain. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní sẹ́kọ́ńdìrì ni, ó sì ti lé lọ́dún 10 tí òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ìbejì wọn ti ń gbé ibẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tó ń tọ ọdún káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun, wá wo ti àwọn ará ibí náà." Mo kó àjọ mi, mo ta jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo gba físà ọjọ́ 90. Ohun kan ló dùn mí: oṣù kẹfà ni Ògìdì máa ń ṣọdún iṣu tuntun, láti ìgbà tí mo sì ti ní kámẹ́rà, n kò tíì pa á jẹ rí. Àfi lọ́dún yìí.

Ìgbà tí òjò ń rọ̀ nílé wa ni oòrùn ń ràn lọ́hùn-ún, tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù tí ilẹ̀ kò ní tíì ṣú. Ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi lọ ti sọ báàgì mi nù, odindi ọjọ́ 9, inú rẹ̀ sì ni ṣájà kámẹ́rà mi wà. Ará ilé kejì ọ̀rẹ́ mi, tó ń lo irú kámẹ́rà tèmi, ló kan ilẹ̀kùn, tó gbé ṣájà tirẹ̀ wá, tí kò bèèrè ìgbà tí n máa dá a padà. Ẹ fi ọkùnrin yìí sọ́kàn.

Alẹ́ 23 oṣù kẹfà, tí í ṣe àìsùn ọdún Jòhánù Mímọ́, iná ń jó ní gbangba, nọ́káòtù ń dún títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo ìlú sì kó lọ sí etí òkun. Èéfín ni mo yà jù lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo wọ Ítálì lọ sí ìlú Siena, nítorí ọjọ́ kejì oṣù keje ni wọ́n ń sá eré ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Palio. Wọ́n tún ń sá a ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Àdúgbò 17 ló wà nínú ìlú náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń jẹ́ orúkọ ẹranko: Òwìwí wà níbẹ̀, Ìkookò wà níbẹ̀, Ìgbín àti Ìjàpá sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Ìgbín àti Ìjàpá ni ọ̀tá ara wọn láti ìrandíran, àlọ́ ìyá àgbà mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ ìlú Siena á kọ́kọ́ dárúkọ àdúgbò rẹ̀ fún ọ kó tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, bí àwa náà ṣe ń bèèrè pé Owé ni ọ́ ni àbí Ìjùmú, Bùnú àbí Yàgbà.

Ẹṣin 10 ló ń sáré, kò sí gàárì lẹ́yìn wọn. Wọ́n á yí ojúde ńlá tí wọ́n ń pè ní Piazza del Campo po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Bí ẹni tó gùn ún bá já bọ́, ẹṣin nìkan lè sá a já kó sì borí. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni mo fi dúró nínú oòrùn láàárín èrò. Èyí tí mo yà nígbà eré fúnra rẹ̀ kò jọ mí lójú. Ohun tí mo rí ṣáájú ló kún ọkàn mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fa ẹṣin àdúgbò wọnú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹṣin gidi, ó ń fi pátákò tẹ ilẹ̀ mábù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo filáàṣì, kí ẹ̀rù má ba ẹṣin. Àlùfáà wúre fún un, ó ní kó lọ, kó padà wálé pẹ̀lú ìṣẹ́gun. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó so ìborùn àdúgbò rẹ̀ mọ́ ọrùn, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ìborùn yẹn ti ṣá, ìrán etí rẹ̀ ti tú, ó sì ti fi òwú tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá a mu tún un rán. Etí ìborùn yẹn ni mo yà.

Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí? Aṣọ ni. Aṣọ sílíìkì gígùn tí wọ́n ya àwòrán Màríà Wúndíá sí. Títí láé ló máa wà lọ́wọ́ àdúgbò náà. Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀kun ni mí, màmá mi sì jẹ́ ọmọ Bùnú. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi bí odindi ìlú ṣe lè sunkún nítorí aṣọ.

Mo padà sí Barcelona. Ní Gràcia, àdúgbò ọ̀rẹ́ mi, ni mo ti rí i pé ará ilé kejì tó yá mi ní ṣájà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ènìyàn mọ ilé gogoro, tí wọ́n ń pè ní castells. Òun ni mo di ọ̀já mú fún. Ọ̀já yẹn ń gbé ẹ̀yìn wọn ró, òun náà sì ni ẹni tó ń gun òkè ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Ènìyàn á dúró lórí èjìká ènìyàn, àjà mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mìíràn a tó mẹ́wàá, ọmọdé kan tó dé akoto á sì gun orí gbogbo wọn. Ọdún 1980 sókè ni àwọn obìnrin wọ inú rẹ̀ dáadáa, ilé náà sì ga sí i láti ìgbà náà. Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, tayọ̀tayọ̀.

Ní ọdún àdúgbò náà ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ti fi ike àti páálí tí wọ́n ṣà jọ ṣe òpópónà wọn lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n pè mí sí ìsàlẹ̀ ilé náà. Mo ti bá wọn ṣe ìdánrawò lálẹ́ mélòó kan. Mo gbé kámẹ́rà fún ọ̀rẹ́ mi. Mo na apá sí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi, ẹlòmíràn fi àyà ti ẹ̀yìn mi, wọ́n ní kí n tẹ orí ba, kí n má wòkè. Èmi tó jẹ́ pé wíwò ni iṣẹ́ mi! Òógùn àti èémí ni gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, fèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn afunfèrè kì í dá a sílẹ̀ títí ilé yóò fi dúró dé ibì kan, bí ọmọ òkè bá sì na ọwọ́, ohùn fèrè á yí padà. Fèrè ló ń sọ fún àwa tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ọmọ náà dé. Mo gbọ́ ọ. Ohùn yí padà, ẹni tó wà lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, ìwúwo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí wa lápá bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. N kò rí ọmọ náà títí ó fi délẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, a lọ sí Vilafranca del Penedès, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti ń wá gun ilé lójúde ìlú. Mo ya fótò níbẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí wọn láìpẹ́.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé ní Kábà. "Ọ̀kun o, ọmọ mi." Mo kúnlẹ̀, mo dáhùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fótò hàn wọ́n lójú fóònù. Wọ́n wo ọ̀já dúdú náà pẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ya aṣọ ìpò tó wà nínú àpótí."

Wọ́n ní, "Kò sí òkú, kò sí eégún. Kí la fẹ́ sọ fún aṣọ pé a torí ẹ̀ ṣí i?"

Ẹnu mi wọ́. Aṣọ ìpò Bùnú kì í ṣe aṣọ òde. Obìnrin ló ń hun ún, ìsìnkú àgbà ọkùnrin àti eégún ló sì wà fún.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí sí yàrá. Òjò ti pọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n ní ó yẹ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Wọ́n ti ṣí àpótí, òórùn káfúrà gba inú yàrá. "Gbé nǹkan ọrùn rẹ yẹn sílẹ̀, wá di etí kejì mú."

Mo gbé e sórí ẹní. A na aṣọ náà láàárín ara wa, ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Pupa rẹ̀ jìn, kò jọ pupa ọjà. Màmá mi fi àtàǹpàkò tẹ òwú kan tó ti yọ, wọ́n ní ìyá àwọn kò pa òwú pupa yẹn láró fúnra wọn. Wọ́n ń tú u ni, fọ́nrán kan lẹ́yìn èkejì, lára aṣọ pupa tí àwọn òyìnbó kó wá, àní lára kúbùsù ọsibítù pàápàá, kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Mo ti gbọ́ ọ rí. N kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ó ti lé lọ́dún 13 tí mo ti ń ya aṣọ yìí níbi ìsìnkú, n kì í sì í dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń ká a.

A ká a sí méjì, a ká a sí mẹ́rin. Kí wọ́n tó gbé e padà, wọ́n ní mo lè ya etí rẹ̀, etí rẹ̀ nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ̀ ẹ́: àtàǹpàkò màmá mi, fọ́nrán pupa tó yọ, kò sí nǹkan mìíràn.

Tó bá di Kérésì, wọ́n á mú mi lọ sí Bùnú, sọ́dọ̀ àbúrò wọn tó ṣì ní òfì lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí mo lè yà àti èyí tí n kò lè yà. Èsì kò tíì dé.