Ìtọ̀ Ọmọ Mi Ni Mo Wá Dúpẹ́ Lé Lórí

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ̀yin ará, ìtọ̀ ni mo wá dúpẹ́ lé lórí lónìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Wárápá ti ń gbé ọmọkùnrin mi láti ọmọ ọdún 7; ó ti di 19 báyìí. Oògùn ló ń mú un dúró. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, oògùn tán, owó ò sí, mo ní kó fara dà á títí mà á fi ta ata tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Ọlọ́run, dárí jì mí. Lóru ọjọ́ kẹrin, ó gbé e. Ó tún gbé e, ó tún gbé e, ojú rẹ̀ ò là láàárín. Àwọn kan ní ká ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ká rọ àgbo ìtọ̀ màlúù fún un. Ìyàwó àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ jálẹ̀. Ó yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ní bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5 tí ò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ló kù.

Wesley Guild la gbé e lọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ rọlẹ̀. A rò pé ó ti parí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbé ike tó tọ̀ sí síbi ìmọ́lẹ̀: ó ṣú bí omi sóbò tó ki, kò sì tó ìdajì ife. Nígbà tó yá, kò tọ̀ mọ́ rárá. Ojú wú, ẹsẹ̀ wú.

Dókítà ní gbogbo bó ṣe ń gbọ̀n tó ń le gbagidi lóru yẹn, iṣan ara rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ohun tó jò látinú iṣan wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lọ dí kíndìnrín. Èmi ò mọ̀ pé àìsàn orí lè rin ìrìn yẹn! Wọ́n gbé wa lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aláta, ẹ̀yin ìyá ìjọ tẹ́ ẹ tú àpò yín, ẹ ò ní fowó yín wo àìsàn.

Ọjọ́ kọkànlá, ìdájí, ó pè mí: "Màámi, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Èmi fúnra mi ni mo di ike mú. Ó dún ṣọ̀ọ̀ọ̀, kò tán bọ̀rọ̀. Mo gbé e síbi iná, mo rí ìka mi láti òdìkejì. Mo jó nínú wọ́ọ̀dù, ẹ ò bá rí mi!

Òun ló jókòó ti onílù yẹn. Oògùn oṣù mẹ́ta rẹ̀ wà nínú àpò mi níbí. Dìde, ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ.