Ohun tí Wọn Kò Kọ sára Páálí Ínfátà

Ní ọdún tó kọjá, mo ra ínfátà kékeré, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí à ń lò nílé, èyí tí à ń kì bọ ihò sìgá láítà inú ọkọ̀, wọ́n sì kọ 500 wáàtì gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Nígbà tí iná kò wá sí àdúgbò wa ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fa wáyà gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì so bùléńdà ìyàwó mi mọ́ ọn. Ata kò tíì yí lẹ́ẹ̀kan tí fíúùsì ọkọ̀ fi jó. (Ọlọ ni wọ́n padà fi lọ ata náà.) Ọmọ riwáyà tó bá mi pààrọ̀ fíúùsì rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wo fíúùsì kí ẹ tó wo páálí."

Òótọ́ ló sọ. Fíúùsì ihò yẹn kì í sábà ju ámpù 10 sí 15 lọ, bátìrì ọkọ̀ kékeré sì jẹ́ fóòtì 12. Bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wáàtì 120 sí 180 péré ló lè gba ibẹ̀ kọjá, ohun yòówù tí ẹni tó ṣe ínfátà ìbáà kọ sára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, fóònù, gílóòbù LED àti fáànù kékeré kò ní í ni ín lára, àmọ́ áyọ́ọ̀nù kò sí lára ohun tí ènìyàn ń bá a sọ. Fíríìjì gan-an máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé agbára tó fi ń gbéra máa ń pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ínfátà ńlá ní láti so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó sì kúrú, kí fíúùsì sì wà lẹ́bàá bátìrì, nítorí pé 1000 wáàtì yóò fa nǹkan bí ámpù 90. Mo mọ àwọn tó ń fi wáyà bàbà dípò fíúùsì tó jó. Ìjàǹbá iná ni wọ́n ń pè wá sínú ọkọ̀.

Bátìrì ọkọ̀ náà kò wà fún iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Èyí tó jẹ́ 60 ámpù-wákàtí (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè kó pamọ́), bí ó bá ń gbé 100 wáàtì, yóò dé ìdajì láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ínfátà kì í sì í ké láti kìlọ̀ títí bátìrì yóò fi sún mọ́ fóòtì 10 àbọ̀, nígbà tí ọkọ̀ lè má sítáàtì mọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu tó pọ̀ jù wà. Èéfín sálẹ́ńsà ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Fèrèsé tí mo gba wáyà wọlé lọ́jọ́ yẹn kò jìnnà sí ìdí sálẹ́ńsà rárá, fíúùsì tó jó ni mo sì ń bínú sí! Ní báyìí, ìgbà tí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni mo ń gba iná sínú kọ̀ǹpútà mi, mo sì ti ká wáyà ojú fèrèsé náà kúrò.