Ẹ̀yìn kọ́tínì lọ́jọ́ eré iléèwé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọ̀pọ̀ iléèwé n'Íbàdàn, tí eré ìparí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọba, olorì àti ìjòyè ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn. Ọmọ tí ò bá rí ipa kankan gbà ni wọ́n á wá tì sẹ́yìn ìtàgé pé kó máa bá wọn gbé nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni eré ti ń bàjẹ́. Lójú tèmi, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìtàgé ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó wá ọba. Ọba tó gbàgbé ọ̀rọ̀ lè rọ́gbọ́n dá sí i; àwọn ìjòyè á kí i ní kábíyèsí, onílù á gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kọ́tínì bá ṣí tí àga ọba ò sí níbẹ̀, kò sí oríkì tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Fún eré tí ò ju wákàtí kan lọ, ọmọ 10 ti tó: alábòójútó ìtàgé 1, ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé 1, ọmọ 2 nídìí ohun èlò, ọmọ 3 tó ń gbé àga àti pákó, ọmọ 2 nídìí aṣọ, àti 1 nídìí iná pẹ̀lú àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kàn máa gbá ara wọn nínú òkùnkùn ni. Ẹni tí ẹ máa fi ṣe alábòójútó, ẹ má wo ọmọ tí ohùn rẹ̀ ga jù. Ọmọ tó máa ń kọ nǹkan sílẹ̀, tí kì í tètè gbaná jẹ, ni kí ẹ wá. SS2 ló dáa jù, torí pé ọkàn àwọn SS3 ti wà nídìí WAEC. Tó bá di ọjọ́ eré, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí labẹ gé lẹ́yìn ìtàgé. Tíṣà tó kọ́ wọn gan-an ò gbọdọ̀ gba àṣẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ó máa ń ro tíṣà lára.

Ìwé eré tó wà lọ́wọ́ alábòójútó ò gbọdọ̀ rí bíi ti àwọn òṣèré. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí ojú kan péré nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó o sínú fáìlì, kí òfìfo lè wà lápá òsì ní gbogbo ìgbà. Inú òfìfo yẹn ni á máa kọ àmì ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí: Iná 4 (ìgbà kẹrin tí iná máa yí padà), Ìlù 7, Àga 2. Pẹ́ńsù ni kó lò, kó má lo bírò, torí pé olùdarí á yí ọkàn padà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kó fa ìlà láti ibi àmì náà lọ sí ọ̀rọ̀ gangan tí òṣèré máa sọ kí nǹkan náà tó ṣẹlẹ̀. "Nígbà tí ọba bá bínú" kì í ṣe àmì, nítorí a ò mọ ìgbà tí inú rẹ̀ máa ru. "Tí ọba bá ní 'ẹ mú un kúrò níwájú mi'": àmì nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láàárín wọn rèé. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìlà mẹ́ta, alábòójútó á ní, "Iná 4, múra." Ẹni tó wà nídìí iná á dáhùn pé, "Iná 4, mo ti múra." Tí ọ̀rọ̀ náà bá dé, alábòójútó á ní, "Iná 4, ó yá." Nítorí náà, láti ìgbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ "ó yá" lẹ́yìn ìtàgé fún ohunkóhun mìíràn. A máa ń sọ ọ́ láìronú: ó yá ẹ jókòó, ó yá gbé e wá. Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ ti wà lórí súìṣì á gbọ́ ọ, á sì pa iná nígbà tí olorì ń sunkún lọ́wọ́. Tí ibi tí wọ́n wà bá jìn síra, ọwọ́ ni kí wọ́n lò. Ọwọ́ sókè, múra. Ọwọ́ wálẹ̀, ìyẹn ti dúró fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé WhatsApp. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé láti ran òṣèré létí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà níbi ìdánrawò láti ọjọ́ kìíní, kó lè mọ̀ bóyá òṣèré dákẹ́ torí pé ó ń ṣeré ni, àbí ọ̀rọ̀ ló ti pòórá. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà ni kó sọ. Tó bá ka gbogbo ìlà, àwọn ará iwájú á gbọ́ ọ.

Ohun èlò ló ń dójú tini jù. Ẹ tẹ́ tábìlì méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ fi ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ojú tábìlì, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yípo. Ẹ wá gbé ohun kọ̀ọ̀kan lé e, kí ẹ fi máákà fa ìlà yí i ká bó ṣe rí: ìrùkẹ̀rẹ̀, ọpọ́n Ifá, agogo, akèrègbè ẹmu, lẹ́tà. Inú ìlà yẹn ni ẹ máa kọ orúkọ nǹkan náà, ìran tí wọ́n ti máa lò ó, àti orúkọ ẹni tó máa mú un. Bí ọmọ bá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ṣófo á hàn sí i kíákíá. Ìgbà méjì ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí kọ́tínì tó ṣí: nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti nígbà tó bá ku márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí ìran kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà méjì ni nǹkan máa ń gbà sọnù níbẹ̀. Àkọ́kọ́, òṣèré á ti lẹ́tà bọ àpò agbádá, á sì bọ́ agbádá náà sílẹ̀. Kí ọmọ tó wà nídìí ohun èlò na ọwọ́ gbà á níbi tí òṣèré bá ti ń jáde, kó má dúró dìgbà tí wọ́n á dá a padà. Èkejì, ìrùkẹ̀rẹ̀ á bá apá ọ̀tún jáde, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni wọ́n ti máa nílò rẹ̀ ní ìran tó kàn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà-gadagba: "Ìrùkẹ̀rẹ̀: jáde lọ́tùn-ún ní ìran 2, wọlé lósì ní ìran 3," kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ tó máa gbé e yí ẹ̀yìn lọ.

Ẹmu orí ìtàgé: ṣíbí tíì kan mílíìkì oníyẹ̀fun sínú ife omi kan, ó ti tó. Tí wọ́n bá máa jẹun, ẹ má fún wọn ní àkàrà tó ti tutù tàbí bisikíìtì, torí pé á gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu tí ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ gé kéékèèké máa ń yára lọ lọ́fun. Àdá àti idà, plywood ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ fi ọ̀dà fàdákà kùn ún. Àdá gidi ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ìbáà má mú mọ́ rárá.

Fún àwọn ògiri ààfin tàbí ilé, ẹ lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, kí ẹ mú pákó ínṣì 2 sí 2 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tó gbẹ ni kí ẹ mú. Tútù á lọ́ bó bá pẹ́ nínú gbọ̀ngàn, ògiri yín á sì wọ́. Férémù kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gíga, 4 ní fífẹ̀, gba òró méjì àti ìbú mẹ́ta. Pákó méjì á fún yín ní òró méjì àti ìbú méjì. Pákó kan péré sì tó láti gé ìbú àárín fún férémù mẹ́ta. Nítorí náà, pákó 7 ló máa ṣe férémù mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní 9. Aṣọ funfun lásán ni kí ẹ nà sára rẹ̀ dípò plywood. Ọmọ méjì á lè gbé e láìmí hẹlẹ. Kí ẹ tó kun ọ̀dà, ẹ fi sítáàsì tó ṣàn díẹ̀ pa á, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Aṣọ náà á le, kò sì ní máa fa ọ̀dà mu.

Ẹ̀yìn férémù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ onígun mẹ́ta, kí ẹ gbé àpò ìrẹsì kékeré tí ẹ rọ yanrìn sí lé ẹsẹ̀ náà. Fáànù ló sábà máa ń bi ògiri wọ̀nyí lulẹ̀, pàápàá èyí tó ń dá dúró tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlejò pàtàkì. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń lọ kí èrò tó wọlé. Ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó kan ohunkóhun pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń kiri ìlú láyé Hubert Ògúndé, inú ọkọ̀ ni ìtàgé wọn ń gbé, wọn ò lè kan ohun tí ò ṣeé tú palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA tí ọ̀pọ̀ iléèwé ní, agbára rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 2,000 wáàtì lọ, ẹ má sì di ẹrù tó ju 1,600 lé e. Gílóòbù halogen mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 ti jẹ 1,500 nínú rẹ̀. Ibo wá ni sípíkà fẹ́ dúró sí? Iná LED 50 wáàtì mẹ́fà, 300 péré ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í dá ooru pa àwọn ọmọ. Wáyà tó wé mọ́ róòlù, ẹ tú u tán pátápátá kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní wíwé bẹ́ẹ̀, ooru á há sáàárín rẹ̀, rọ́bà á sì yọ́.

Mi ò fara mọ́ kí ẹ fi iná ìjọba bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀ nígbà tó bá lọ. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ rọ epo kún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí pé epo tó bá dà sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná lè gbiná. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn. Èéfín yẹn ń pa ènìyàn láìkìlọ̀. Àgbàlagbà ni kó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Bí iná bá wá lọ síbẹ̀síbẹ̀, òfin kan ló wà: kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé dúró sójú kan, kí onílù máa lù, kí ọmọ kan lápá kọ̀ọ̀kan tan làǹtánà oníbátìrì. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò lẹ́yìn kọ́tínì, ẹ fi nylon aláwọ̀ búlúù bo ojú rẹ̀, kó má baà tàn jáde.

Eré oṣù keje bá òjò pàdé, òrùlé páànù ò sì mọ̀ pé ẹ ń ṣeré. Ẹ ti fẹnu kò ṣáájú: bí òjò bá dé, alábòójútó á na ọwọ́ méjèèjì sókè, onílù àti oníjó á gba ibẹ̀ títí á fi rọlẹ̀. Ọ̀rinrin máa ń mú kí awọ gángan dẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé ìlù sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí onílù yá a nínú oòrùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù kejìlá, ọyẹ́ á mú kí awọ náà le gan-an, ó sì lè ya, kí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ bí wọ́n bá lù ú tán. Àrá Ṣàngó rọrùn. Ẹ fi okùn so páànù pẹrẹsẹ kọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kan òrùlé, kí ẹ fi téèpù bo etí rẹ̀ kó má gé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ máa mì í láti ìsàlẹ̀.

Nídìí aṣọ, àpò kan fún òṣèré kan, orúkọ àti nọ́ńbà ìran lára rẹ̀. Gèlè tí wọ́n máa wé kíákíá, ẹ wé e sílẹ̀ nílé, kí ẹ fi píìnì dè é, kó jẹ́ pé dídé ló kù. Ẹni tó máa pààrọ̀ aṣọ láàárín ìṣẹ́jú kan nílò olùrànlọ́wọ́ méjì: ọ̀kan ń bọ́ ti àkọ́kọ́, ìkejì ti ká aṣọ tó kàn sókè tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹfun àti tìróò ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kunjú, kí wọ́n tó wọ aṣọ òfì ìyá olóyè. Aṣọ òfì kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi ọṣẹ àti omi sáré fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí òṣèré kankan ò ní ṣeré. Láti àmì dé àmì ni kí ẹ máa fò, kí wọ́n pa iná, gbé àga, tan iná, títí ìyípadà ìran kọ̀ọ̀kan ò fi ní ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá lẹ fẹ́ lò, bíi Arts Theatre ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Cultural Centre ní Mọ́kọ́lá, ẹ kọ́kọ́ mú téèpù ìwọ̀n lọ síbẹ̀, kí ẹ ka sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ béèrè ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún yín láàárọ̀. Ní ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìtàgé: aṣọ dúdú, bàtà kánfáàsì, kò sí ẹ̀gbà tó ń dún, fóònù gbogbo wọn nínú báàgì tíṣà. Òbí tó bá fẹ́ wá sẹ́yìn ya fọ́tò ọmọ rẹ̀, kí ẹnìkan rọra bẹ̀ ẹ́ padà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ó rí i tán" sábà máa ń tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ orúkọ àwọn tó yá yín ní nǹkan sí jáde, kí ẹ máa fagi lé e bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ gbogbo ìṣó tó yọrí lára pákó, torí pé ẹsẹ̀ ọmọ JSS1 ló máa bá a pàdé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù, ẹ pa ìdérí rẹ̀ pinpin, kí ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ àti oṣù tí ẹ rà á sára ike náà, kí ẹ tó gbé e wọ yàrá ẹrù.