Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tíì ṣí ìwé atúmọ̀

Ọdún kejì mi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ni olùkọ́ wa ní kí n kọ ojú-ìwé márùn-ún nípa Ibn al-Athir. Mo wọ yàrá ìkàwé, mo kó gbogbo ìwé tí mo rí orúkọ yẹn lára wọn. Mo wá kọ ọ́ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọ ìtàn ayé, òun náà ló ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó ta kókó nínú hádíìsì, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad, òun náà ló tún kọ̀wé lórí ọnà èdè. Mo tiẹ̀ fi kún un pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tó ń sùn. Nígbà tí iṣẹ́ mi padà dé, bírò pupa ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ìdí rẹ̀: "Èwo nínú wọn?"

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ni wọ́n. Jazirat Ibn Umar, létí odò Tigris, ni ìlú wọn. Majd al-Din (1149–1210) ló ni ìwé hádíìsì. Izz al-Din (1160–1233) ni òpìtàn. Diya al-Din (1163–1239) ló ni ti ọnà èdè. "Ibn al-Athir" kàn ń sọ ilé tí wọ́n ti jáde ni. Oyè iwájú ló yà wọ́n sọ́tọ̀: Ògo Ẹ̀sìn, Iyì Ẹ̀sìn, Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀sìn. Èmi sì ti fo oyè yẹn dá, mo pè é ní àpọ́nlé lásán.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ka orúkọ Lárúbáwá àtijọ́ kí n tó tú u palẹ̀. Ẹ wo al-Tabari, òpìtàn tó kú ní Baghdad ní 923: Abu Ja'far Muhammad ibn Jarir ibn Yazid al-Tabari. Muhammad ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ism. "Ibn Jarir ibn Yazid" ni bàbá àti bàbá bàbá, nasab. "Al-Tabari" ni nisba: ará Tabaristan, ní gúúsù Òkun Caspian. Abu Ja'far, Bàbá Jafar, ni kunya, bí a ṣe ń pe ènìyàn ní Bàbá Ṣadé. Àmọ́ àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní kò gbéyàwó rí. Jafar wo wá ni? Kò sí Jafar kankan. Kunya lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀ nìkan. Ọmọ ológbò ló sì wà nínú kunya Abu Hurayra, sàhábà Ànábì.

Èyí tó burú jù ni pé Abu Ja'far Muhammad ibn Jarir al-Tabari mìíràn wà, ọ̀mọ̀wé Ṣíà. Ẹ ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìyàtọ̀. Bàbá àgbà ni ẹ máa wá lọ: Yazid ni ti òpìtàn, Rustam ni ti èkejì. Ẹni tó bá gé orúkọ kúrú kí àyè lè gbà á ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Iṣẹ́ tó wà lára orúkọ náà lè tanni jẹ. Khalid al-Hadhdha, "Khalid Oníbàtà", kò ran bàtà rí. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbàtà ló máa ń jókòó sí.

Ti ìtumọ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ibn Durayd, tó kú ní 933, kọ odindi ìwé lórí ìpìlẹ̀ orúkọ àwọn Lárúbáwá, nítorí àwọn kan ń sọ pé orúkọ wọn kò ní gbòǹgbò. Ó mú ìbéèrè kan tí wọ́n bi àwọn Lárúbáwá wá níbẹ̀: kí ló dé tí ẹ ń sọ ọmọ yín ní Kalb, ìyẹn ajá, tí ẹ sì ń fún ẹrú yín ní orúkọ tó dùn? Èsì tí wọ́n fún un ni pé nítorí ọ̀tá làwọn ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ, ẹrú ni àwọn ń sọ lórúkọ fún ara àwọn. Mo rẹ́rìn-ín, torí àwa náà ní àbíkú tó ń jẹ́ Ajá. Ṣùgbọ́n ẹ má so wọ́n pọ̀ wàrà-wàrà: ikú ni tiwa fẹ́ lé, ọ̀tá ojú ogun ni tiwọn fẹ́ dẹ́rù bà.

Ti ẹrú yìí, ẹ máa rí i ní Íjíbítì. Ẹrú aláwọ̀ dúdú kan ni wọ́n sọ ní Kafur, káfúrà funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ. Ó di alákòóso Íjíbítì kó tó kú ní 968. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gágun tó wá gba ilẹ̀ náà ń jẹ́ Jawhar, òkúta iyebíye, òun náà ẹrú tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láìsí orúkọ bàbá gidi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fura.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ sún mọ́ jù lọ ni Ibn Khallikan, adájọ́ Damásíkù tó kú ní 1282. Ó kọ ìtàn àwọn ènìyàn tó lé ní 800. Bó bá fẹ́ parí ti ẹnì kan, á to orúkọ náà ní lẹ́tà-lẹ́tà: èyí gba àmì òkè, èyí gba àmì ìsàlẹ̀, èyí di ìlọ́po. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ adàwékọ kì í fi àmì sí i. Ẹni tó bá ti rí "Ojo" nínú ìwé, tí kò mọ̀ bóyá Òjó ni tàbí òjò, mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sá fún. Ní ìkọ̀wé Lárúbáwá, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni Salam àti Sallam, àmì ìlọ́po nìkan ló yà wọ́n.

Káàdì kan ṣì wà nínú àpótí mi tí mo kọ àwọn méjèèjì sí, pẹ̀lú àmì ìbéèrè ńlá láàárín. Ó ti pé ọdún méje. N kò tíì pa àmì náà rẹ́.