Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ gọ́ọ̀fù, oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún: ilẹ̀ tútù ni ọ̀gá

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: Handicap Index 22.4 (nọ́ńbà ìpele agbágọ́ọ̀fù: bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó), pápá oníhò 18 ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ amọ̀ tó ti ń mu omi láti oṣù Kọkànlá. Àyè tó wà kò ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Driver, ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, kò sí nínú ètò títí oṣù Karùn-ún yóò fi wọlé, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ibi tí orí ọ̀pá ti ń kan ilẹ̀ ló ń jẹ èèyàn lásìkò yìí. Bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà tó kò tíì kàn: nínú òtútù bọ́ọ̀lù gbogbo ọ̀pá ló ń kúrú, tìrẹ nìkan kọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù Kẹta: irinṣẹ́ ná

Rọ́bà ìdìmú tó bá ti ń dán, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí o nù ún gbẹ. Bó bá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti kú, pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ tí ẹnu rẹ̀ kọ́ bí ìwọ̀ ni kí o fi la èyí tó ti gbó. Abẹ tó nà gbọọrọ lè ge ara ọ̀pá graphite, èyí tí kì í ṣe irin. Ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, lẹ téèpù olójú méjì tuntun, kí o jẹ́ kí díẹ̀ yọ sókè lórí kí o lè ká a wọ inú ihò ọ̀pá. Fi tíì (èèkàn kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé) dí ihò kékeré tó wà ní ìdí rọ́bà tuntun, bu white spirit (omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà) sí i nínú, gbọ̀n ọ́n, da èyí tó kù sórí téèpù, kí o sì tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ṣahun white spirit ni rọ́bà ń há mọ́ lọ́wọ́ lágbede méjì, bó bá sì ti há, gígé ló kù. Tún ìlà rẹ̀ ṣe kó tó gan, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Mẹ́rin ni a pààrọ̀, àwọn yòókù fífọ̀ ló tó wọn. Ṣóńṣó tíì ni a fi tú amọ̀ gbígbẹ kúrò nínú àwọn ìlà ojú wedge, ọ̀pá tí ojú rẹ̀ dagun gan-an fún ibi tó súnmọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e: ìlà ẹfun

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Fi ẹfun fa ìlà tó gùn tó mítà méjì sórí koríko ibi ìdánrawò, kó dábùú ọ̀nà tí o ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Dúró kí ìlà náà bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Mú ọ̀pá 9 (9-iron), má gbé bọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀, fì í kó kan ilẹ̀, sún ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, tún fì í. Nígbà tí o bá dé òpin ìlà, wo ojú ọgbẹ́ tí o dá sí ilẹ̀. Orí ìlà tàbí iwájú rẹ̀ ló yẹ kí ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lẹ́yìn ìlà, ká ní bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ ni, ẹrẹ̀ ni ọ̀pá ìbá kọ́kọ́ jẹ.

Ọjọ́ kìíní: 10 nínú 30 ló dára. Ohun tó fà á kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, ara kù sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èkejì, ọwọ́ ń gbìyànjú láti gbé bọ́ọ̀lù sókè, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pá tó dagun ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Àtúnṣe: gbé nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ara lé ẹsẹ̀ iwájú kí o tó fì rárá, kí o sì rí i pé gìgísẹ̀ ẹ̀yìn ti kúrò nílẹ̀ nígbà tí o bá parí. Ọjọ́ kẹrin: 21 nínú 30. Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù tó dé orí ìlà, iye náà sì já wá sí 16 lójú ẹsẹ̀. Ojú tó rí bọ́ọ̀lù tún fẹ́ gbé e.

Ẹ má fọkàn tán ẹní oníke ibi ìdánrawò. Bí ọ̀pá bá kan ẹní lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ dé ìdí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì fò bí ẹni pé kò sí nǹkan. Tẹ́ aṣọ ìnura pẹlẹbẹ sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀pá bá gbá aṣọ, o ti gbọ́ òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó kọ́ gọ́ọ̀fù nílé, lórí ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti mú le: ilẹ̀ yẹn máa ń ta ọ̀pá padà ni. Ẹrẹ̀ kì í ta nǹkan kan padà. Wedge 56° (bí ojú rẹ̀ ṣe dagun tó) tí bounce rẹ̀, ìyẹn ìdagun ìdí ọ̀pá tí kì í jẹ́ kó rì, jẹ́ 8° á rì bí ọkọ́. 12° sí 14° ló bá ilẹ̀ rírọ̀ mu. Kò pọn dandan láti ra òmíràn. Ṣí ojú ọ̀pá díẹ̀, má sì ti ọwọ́ síwájú jù, nítorí bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ síwájú ni bounce ń dínkù.

Oṣù Kẹrin: wedge, green, àti òfin ẹrẹ̀

Aago ti sún síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, ihò mẹ́sàn-án ti ṣeé gbá lẹ́yìn iṣẹ́.

Wedge mẹ́ta, ìwọ̀n ìfì mẹ́ta: ọwọ́ dé ìbàdí, dé àyà, dé èjìká. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ méjì tó jìnnà jù àti méjì tó kúrú jù, kí o mú àárín èyí tó kù. Ibi tí bọ́ọ̀lù *balẹ̀ sí* ni a ń wọ̀n. Nínú oṣù Kẹrin á balẹ̀, á sì jókòó sínú ihò ara rẹ̀. Tó bá di oṣù Keje á máa yí lọ. Àbájáde ní mítà: 56° gbé e dé 22, 38, 55, 52° dé 28, 46, 68, 46° dé 34, 57, 82. Àlàfo láti 68 sí 82 ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ la ó padà sí.

Green, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, ti gba ihò atẹ́gùn àti iyanrìn, bọ́ọ̀lù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń yí ọwọ́ putter (ọ̀pá tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ ihò) padà lọ́sẹ̀ yìí ń tàn ara rẹ̀ jẹ ni. Orí kápẹ́ẹ̀tì ilé ni iṣẹ́ wà: gbé owó ẹyọ méjì kalẹ̀ ní ìdajì mítà níwájú bọ́ọ̀lù, kí àlàfo wọn jẹ́ mílímítà 55. Ìbú bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 42.67, nítorí náà àyè àṣìṣe kò ju nǹkan bí mílímítà mẹ́fà lọ lápá kọ̀ọ̀kan. 31 nínú 50 lọ́sẹ̀ kìíní, 42 lọ́sẹ̀ kẹta.

Òfin: bí ìgbìmọ̀ pápá bá lẹ ìwé pé a lè gbé bọ́ọ̀lù ká sì nù ún lórí fairway (ọ̀nà koríko gígé tó lọ sí green), ka ìwọ̀n tó wà nínú ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o lè gbé e kalẹ̀. Tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, o kò lè tún un gbé. Níbi tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, tí ẹrẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, apá tí ẹrẹ̀ kò sí ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń yà sí. Ẹrẹ̀ lápá ọ̀tún, fojú sun ọ̀tún díẹ̀.

Oṣù Karùn-ún: káàdì àkọ́kọ́

Slope 126 (bí pápá ṣe le tó fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀jáfáfá; 113 ni òṣùwọ̀n), Course Rating 70.6 (iye ìgbà tí a retí kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀), par 72 (iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ihò 18). 22.4 lọ́nà 126, pín in sí 113, ó jẹ́ 24.98; yọ 1.4 tí Course Rating fi kéré sí par, ó ku 23.58, ìyẹn 24: iye tí a ó yọ kúrò nínú káàdì. Àwọn tó ṣì ń ṣe ìṣirò láìfi ìyàtọ̀ yẹn kún un ń lo ọ̀nà tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2024.

Ẹ̀ẹ̀ 98 ni a gbá bọ́ọ̀lù lórí káàdì náà, ó ku 74 lẹ́yìn tí a yọ 24. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀pá jẹ ẹrẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù. Putt mẹ́ta (títi bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọ ihò) lórí green ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ju mítà mẹ́sàn-án lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kúrú. Èyí ló kàn: bọ́ọ̀lù mẹ́ta láti mítà 6, 9 àti 12, èyí tó bá kúrú kò ní kà. Driver ti jáde nínú àpò, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 15 péré ni ìpín rẹ̀ lọ́sẹ̀.