Fífi Bátìrì, Rédíò àti Ohùn Sínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Ọgbà

Ohun tí ó máa ń da ọkọ̀ ojú irin kékeré inú ọgbà láàmú jù lọ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí kò ṣe irin tí ó ń rìn lé lórí. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Lehmann ní ìlú Nürnberg, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ti gbé LGB, ọkọ̀ ojú irin kékeré inú ọgbà tiwọn, jáde ní ọdún 1968, inú irin méjèèjì ni iná ti sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ mọ́tò: irin kan gbé pọ́sítíìfù, èkejì gbé nẹ́gátíìfù, wíìlì ọkọ̀ sì ń kó iná náà bí ó ṣe ń yí. Ètò yìí dára púpọ̀ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé mi ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, níbi tí oje igi páìnì ti ń kán sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru, tí ìgbín sì ń wọ́ kọjá ní òru lórí idẹ tí a fi ṣe irin náà, ó ṣòro kí ènìyàn kàn tan iná ní àárọ̀ kí ọkọ̀ sì gbéra láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi aṣọ nu irin yípo ọgbà. Idẹ fúnra rẹ̀ a máa dúdú bí òjò àti afẹ́fẹ́ bá ti ń bá a jà, erùpẹ̀ a wọ inú oríkèé tí irin kan ti so mọ́ èkejì, iná a sì máa dín kù bí ọkọ̀ bá ti ń jìnnà sí ibi tí wáyà ti wọlé.

Ní ti ẹni tí ó ti fi pánẹ́ẹ̀lì ohùn, pátákó iná kékeré tí ń mú ohùn ẹ́ńjìnnì jáde, sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyà náà di méjì. Mọ́tò lè la ìdọ̀tí kékeré kọjá, nítorí pé eré tí ọkọ̀ ti ń sá bọ̀ yóò gbé e rékọjá. Ohùn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: iná já fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bátìrì ni kí ó ṣáájú nínú ọgbà, kí ohùn tẹ̀ lé e. Owó tí a bá ná sórí ohùn nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gba iná lára irin tí ó dọ̀tí, owó inú omi ni. Ẹni tí ọ̀nà irin rẹ̀ wà nínú ilé, tàbí tí ó fi irin tí kì í dípẹtà ṣe é, kò pọn dandan kí ó dààmú ara rẹ̀.

Èrè mìíràn wà nínú bátìrì tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọn. Bí a bá tẹ́ irin tí ó yí po tí ó sì padà bọ́ sí ojú ọ̀nà tí ó ti wá, pọ́sítíìfù yóò bá nẹ́gátíìfù pàdé, gbogbo rẹ̀ á sì ṣọ́ọ̀tì, àyàfi tí a bá gé irin náà sọ́tọ̀ tí a sì fi ẹ̀rọ pàtàkì sí i. Nígbà tí iná bá ti kúrò lára irin, ọ̀rọ̀ yìí parí, irin lè yí bí ó ti wù ú, a kò sì nílò láti ri wáyà kankan mọ́ ilẹ̀.

Bátìrì ni ó ń pinnu ibi tí gbogbo nǹkan yòókù yóò wà, nítorí pé òun ni ó ń gba àyè jù. Èyí tí mo ń lò ni lítíọ́ọ̀mù irú 18650, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Ẹyọ kan ń fúnni ní fóólítì 3.7, ó sì ń dé 4.2 nígbà tí ó bá kún; mẹ́rin tí a so tẹ̀léra yóò fúnni ní 14.8, tí yóò di 16.8 bí wọ́n bá kún, èyí sì tó fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa sá eré àsápajúdé. Bí a bá so mẹ́rin mìíràn mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, fóólítì kò yí padà, ṣùgbọ́n àkókò ìrìn yóò di ìlọ́po méjì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: mẹ́rin tí ó jẹ́ 2600 mAh (ìyẹn ni pé wọ́n lè fúnni ní áńpù 2.6 fún wákàtí kan), nínú ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ áńpù kan, yóò rìn fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀, èyí tí ó ju ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yìn mi lè gbà kí n fi máa bẹ̀rẹ̀ káàkiri ọgbà lọ.

Kí a má tan ara wa, lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun ìṣeré. Bí a bá fà á gbẹ kọjá bó ṣe yẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá sì fún un ní iná kọjá 4.2 lórí ẹyọ kan, ó lè gbiná. Nítorí náà, pánẹ́ẹ̀lì ààbò gbọ́dọ̀ wà lára bátìrì náà, èyí tí yóò já iná nígbà tí ó bá lọ sókè jù, tí ó bá lọ sílẹ̀ jù tàbí tí wáyà bá gbá ara wọn, ṣájà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún lítíọ́ọ̀mù tí ó jẹ́ ẹyọ mẹ́rin. N kì í jó lẹ́ẹ̀dì sára ẹyọ bátìrì fúnra rẹ̀, nítorí pé ooru náà ń pa á nínú. Èyí tí wọ́n ti dì pọ̀ tí wọ́n sì ti fa wáyà jáde lára rẹ̀ ni mo máa ń rà. Lẹ́yìn náà ni fíúsì, tí ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu pọ́sítíìfù tímọ́tímọ́, kí wáyà tí kò ní ààbò má bàa gùn. Swíìṣì ni ó kù: nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí apá kan, bátìrì ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì, ihò ṣájà nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kò sì sí bí ṣájà ṣe lè dé ọ̀dọ̀ àwọn pánẹ́ẹ̀lì yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ẹ́ńjìnnì kan wò. GP9 ti USA Trains ni èyí tí mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí EMD, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ General Motors, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1954, nítorí pé inú rẹ̀ gbòòrò. Mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì tí mo ká, kí àwọn irin ìdìmú tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má bàa ṣẹ́, mo sì máa ń ya àwòrán abẹ́ rẹ̀ sórí páálí, kí n lè fi síkúrúù kọ̀ọ̀kan gún ojú ibi tí mo ti tú u, nítorí pé gígùn wọn kò dọ́gba. Bí ìdérí bá ti ṣí, ẹ ó rí irin wíwúwo tí wọ́n fi mú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó sì rí wáyà tí ń gòkè wá láti inú àwọn àpótí wíìlì méjèèjì. Méjì nínú wáyà wọ̀nyí ń kó iná wá láti ara wíìlì, méjì mìíràn ń gbé e lọ fún mọ́tò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Mítà ni kí ẹ fi mọ èyí tí í ṣe ti wíìlì, kí ẹ gé e, kí ẹ sì fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé bí ọ̀nà kankan bá ṣẹ́ kù láàrin wíìlì àti mọ́tò, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọgbà ọ̀rẹ́ yín tí ó ṣì ń fi iná sára irin, iná tirẹ̀ yóò gbà ẹ̀yìn wọlé, yóò sì jó pánẹ́ẹ̀lì yín.

Ẹ wo ẹnu mọ́tò náà dáadáa. Kápásítọ̀ kékeré sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pa ariwo iná, ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì òde òní kì í fún mọ́tò ní iná geere: ńṣe ni ó ń tan án tí ó sì ń pa á lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń tẹ́tí sí mọ́tò láàrin ìyẹn láti mọ bí ó ṣe ń yára tó. Kápásítọ̀ a máa da ìtẹ́tísí yìí rú. Ẹ yọ ọ́. Kí ẹ tó ra pánẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ so mítà mọ́ wáyà mọ́tò, kí ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ títí wíìlì yóò fi máa yọ̀ lójú kan, kí ẹ sì ka iye áńpù tí ó ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó rà gbọ́dọ̀ lè gbé ju iye náà lọ, pàápàá fún GP9 tí ó ní mọ́tò méjì.

Ní ti rédíò tí a fi ń darí ọkọ̀ láti òkèèrè, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé àwọn tí ó wà lọ́jà ń ṣiṣẹ́. AirWire ń lo ìgbì 900 MHz, RailPro ń lo 2.4 GHz, ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi fóònù darí Blunami. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé agbàṣẹ AirWire, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tí ń gba àṣẹ rédíò, ń yí àṣẹ tí ó gbà sí DCC, ìlànà ìdarí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí, nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì ohùn ilé-iṣẹ́ mìíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà 3 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe àwọn pánẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé. Inú CV 1 ni a ti ń yí i padà; CV ni àyè onínọ́ńbà tí a ń kọ ètò pánẹ́ẹ̀lì sí. Éríà agbàṣẹ náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí irin wíwúwo inú ọkọ̀ àti sí bátìrì. Ẹ má ṣe ká a, ẹ má sì ṣe gé e kúrú nítorí kí inú ọkọ̀ lè mọ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ohùn. Àwọn ènìyàn a máa ra pánẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, wọn a sì gbé sípíkà rẹ̀ lé inú ọkọ̀ láìní ilé, lẹ́yìn náà ni wọn a máa ráhùn pé ó ń dún bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Nígbà tí awọ sípíkà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fa ti ẹ̀yìn mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ méjèèjì bá lè pàdé, wọ́n á pa ara wọn, ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kú. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ mú sípíkà tí ń dún lọ́wọ́, kí ẹ gbé e dé ẹnu ike bọ́tà tí kò ní nǹkan nínú, kí ẹ sì fi ìka dí etí rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí ń kùn bí ẹ̀fọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Ìyàtọ̀ yìí ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin pánẹ́ẹ̀lì olówó kékeré àti olówó gọbọi lọ. Nínú GP9, ojò epo abẹ́ ọkọ̀ ni mo fi ṣe ilé fún un. Mo dí gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ pa, mo sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ sílẹ̀, kí ohùn gba ara òkúta ojú ọ̀nà jáde.

Ohùn dísẹ́ẹ̀lì ní òfin tirẹ̀. Ipele mẹ́jọ ni ọ̀pá ìdarí ẹ́ńjìnnì GP9 gidi ní, ẹ́ńjìnnì a sì máa pariwo sókè kí ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó mira rárá. Bí awakọ̀ bá sì dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ariwo á wálẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré lọ. Bí ohùn ọkọ̀ yín bá ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ pẹ̀lú eré rẹ̀ ní déédéé, kò jọ ti gidi. CV 3 àti CV 4, tí ń darí bí ọkọ̀ ṣe ń yára gbéra àti bí ó ṣe ń dúró, ni kí ẹ gbé sókè dáadáa, kí ìwúwo ọkọ̀ lè hàn sí etí.

Ti ẹ́ńjìnnì eléèédú yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó ní sìlíńdà méjì ń mí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin bí wíìlì ńlá rẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ooru omi ń ti ọ̀pá inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan lọ, ó sì tún ń tì í bọ̀. Fàkàfìkì tí a ń gbọ́ gbọ́dọ̀ bá ìyípo náà mu, ojú tí ń wo wíìlì yóò sì tètè mọ̀ bí kò bá bá a mu. Lórí Bachmann 4-6-0, ẹ́ńjìnnì eléèédú tí wíìlì kékeré mẹ́rin wà níwájú ńlá mẹ́fà rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì máa méfò lè lẹ òòfà kékeré mẹ́rin mọ́ ọ̀pá tí ó so wíìlì pọ̀, kí ó sì gbé swíìṣì inú gíláàsì sí iwájú wọn, èyí tí òòfà kọ̀ọ̀kan yóò máa pa dé bí ó bá ń kọjá. Bátìrì, agbàṣẹ àti sípíkà lè wà nínú ọkọ̀ èédú tí ó tẹ̀ lé e, kí ìwọ̀nba wáyà mọ́tò, ti iná iwájú àti ti swíìṣì yìí nìkan kọjá sí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ìsopọ̀ tí ó ṣeé yọ láàrin wọn. Ètò kan náà ni yóò bá ẹ̀dà kékeré River class, ẹ́ńjìnnì eléèédú àtijọ́ ti ọ̀nà irin Nàìjíríà, mu, èyí tí ó ti ní ọkọ̀ èédú gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn; àlàfo tí ó wà láàrin irin méjèèjì ní ọ̀nà irin àtijọ́ tiwa jẹ́ mìlímítà 1067, bí ẹ bá sì pín in sí 24, ẹ ó rí 44.5, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 45 tí irin inú ọgbà jẹ́ gẹ́lẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò tíì rí ẹni tí ń ta ẹ̀dà kékeré ẹ́ńjìnnì náà.

Fèrè náà ní ìlànà. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ ibi tí títì ti gba orí irin kọjá, fèrè gígùn méjì, kúkúrú kan àti gígùn kan ni awakọ̀ ń fọn, a sì máa fa ti ìkẹyìn títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dé orí títì náà. Nínú àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan, bọ́tìnì kan ṣoṣo ni yóò fọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í lò ó, nítorí pé kò mọ ibi tí títì mi wà.

Ó ku ìwọ̀n ohùn. Orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é, nínú yàrá tí ògiri ń dá ohùn padà, nítorí náà kì í pẹ́ tí ó fi ń kéré jù tàbí tí ó fi ń pọ̀ jù bí ọkọ̀ bá dé ìta. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí irin, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ ti máa ń wò ó, kí ẹ fi rìmóòtù máa dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di pé nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní òpin ọgbà, ẹ ń gbọ́ fèrè ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́.