Eré Mẹ́ta Péré ni Wat Misaka Gbá

Lọ́jọ́ Sátidé tí aṣọ ẹbí kò bá gbé mi jáde, mo máa ń gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá onísìmẹ́ǹtì kan nítòsí ilé wa ní Kúbwà, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan wà láàárín wọn tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀fà. Kò ga, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Sátidé tó kọjá, kò bá wọn ṣeré. Ó jókòó, ó ń fi téèpù dúdú di àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ tó ti là, ó sì sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan tó pe òun fún ìdánwò nígboro ti ní kí òun máa lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé òun kò ga tó. Ó wá bi mí pé, “Bàbá Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni kúkúrú kankan ti fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun rí?”

Hakeem Olajuwon ni gbogbo wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ga bí òpó iná, tó sì lo sáà 18 ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, kò lè jẹ́ ìdáhùn fún ọmọ yẹn. Ìtàn Wataru Misaka, tí wọ́n ń pè ní Wat, ni mo sọ fún un.

Ìlú Ogden, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí Misaka sí ní 1923. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni àwọn òbí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgbàjámọ̀ náà sì ni gbogbo wọn ń gbé. Wat kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 7 lọ, síbẹ̀ ó wà nínú ẹgbẹ́ Yunifásítì Utah tó gba ife NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní 1944, nígbà tí wọ́n fi 42 sí 40 na Dartmouth ní Madison Square Garden ní New York, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún eré náà.

Ibí yìí ló máa ń ká mi lára jù. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ti kó àwọn ènìyàn tó lé ní 110,000 tí ìran wọn wá láti Japan sí àgọ́, nítorí ogun tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Àwọn tó ń gbé létí òkun ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kó, kò sì kan àwọn ará Ogden. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà, Topaz, wà ní ìpínlẹ̀ Utah gan-an. Èrò ń pàtẹ́wọ́ fún Wat ní New York, àwọn tí ìran tirẹ̀ àti tiwọn jọ jẹ́ ọ̀kan sì wà lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, ó sì dé Hiroshima, ìlú tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ní Japan, nínú aṣọ sójà Amẹ́ríkà, láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù lẹ́nu wò.

Ó padà sí Utah. Ní oṣù Kẹta 1947, wọ́n bá Yunifásítì Kentucky pàdé ní àṣekágbá NIT, ìdíje àwọn yunifásítì mìíràn, òun ni wọ́n sì ní kó ṣọ́ Ralph Beard, ògbóǹtarìgì Kentucky. Ó lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àmì-ayò kan ṣoṣo ni Beard rí mú. 49 sí 45 ni Utah fi borí. Lọ́dún náà ni ẹgbẹ́ Knicks ti New York mú un, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òyìnbó aláwọ̀ funfun nínú líìgì tó wá ń jẹ́ NBA láti 1949, ọdún mẹ́ta ṣáájú Earl Lloyd tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Eré mẹ́ta ló gbá. Àmì-ayò méje ló jẹ. Wọ́n ní kó máa lọ.

Nígbà tó dàgbà, Misaka fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò rò pé ọ̀rọ̀ ìran ló fà á, pé àwọn tó ń gbá ipò tòun ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. N kò lè jiyàn pẹ̀lú ẹni tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ ẹni tó so Beard mọ́lẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ péré ṣáájú kí Knicks tó ní kó máa lọ, eré mẹ́ta kéré jù láti fi díwọ̀n rẹ̀.

Harlem Globetrotters, ẹgbẹ́ tó ń rìn kiri fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ dá èrò lára yá, ní kó wá bá àwọn gbá, ó kọ̀. Ó padà sílé lọ parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tó ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì ṣe jẹun. Ìpinnu yìí wù mí gan-an, bóyá nítorí pé ẹnjiníà ni èmi náà. Ní 2019 ló kú, lẹ́ni ọdún 95.

Ọmọ ará Ọ̀fà náà gé téèpù rẹ̀ pẹ̀lú eyín. “Méje nínú eré mẹ́ta, sà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ju mẹ́sàn-án wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, lọ́dọ̀ àwọn tó lé òun.